Alẹ́ẹ̀tì Kò Dún, Ìjà Fẹ́ Dé

Díẹ̀ ló kù kí ìyá aláṣọ àti oníbàárà rẹ̀ wọ̀yá ìjà. "Mọ̀mí, ẹ wò ó, owó ti lọ!" Fóònù ìyá ní tiẹ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oníbàárà ń purọ́ o. Bí fóònù bá kú, tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni mẹ́sééjì máa ń dúró sí títí fóònù yóò fi jí. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tún wà tó ti kún fún mẹ́sééjì àtijọ́, àfi kí wọ́n pa díẹ̀ rẹ́ kí tuntun tó ráyè wọlé. Ti ẹlòmíràn, nọ́ńbà tó ti sọnù tipẹ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ báńkì.

Alẹ́ẹ̀tì tó dún gan-an ńkọ́? Gbájúẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, á jọ ti báńkì délẹ̀. Kí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ tẹ kóòdù báńkì, kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Láti oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ náírà 6.98 nínú owó ìpè fún un. Kí nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àǹkárá?

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Owó ti wọlé! Fóònù ló kún. Ló bá di aṣọ fún oníbàárà, ó ní kó má bínú.