Orúnkún Òsì

Àwọn kan nínú yín ti kọ̀wé béèrè ìdí tí n kò fi mú ìtàn àwọn abúlé wá sójú ewé yìí mọ́ láti ìgbà òjò èṣí. Èsì yín rèé: orúnkún ni.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkèṣà, nílùú Adó-Èkìtì níbí, ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ dùn mí dé ọkàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà wọlé, gbogbo àwa ọmọbìnrin tó wà nínú yàrá sì wá sórí eékún. Èmi nìkan ni mo dúró gbọnrangandan bí òpó iná, tí mo di ẹ̀yìn àga mú, tí mo kàn tẹ orí ba. Màmá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwé tí ọmọ yìí kà ti pọ̀ jù." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àríyá sì ń bá a lọ. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá, tí mò ń kọ̀wé lórí àṣà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà. Mo wọ inú ilé ìdáná lọ, mo sunkún díẹ̀, mo sì bá wọn bu ọbẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. N kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Alùpùpù tí mò ń gùn kì í ṣe ti afẹ́. Bajaj àlòkù ni, tí mo pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí eléyín gbàgàgbàgà, nítorí ibi tí mò ń lọ kò ní ọ̀dà. Láti Adó, mo máa ń gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá sí Àrámọkọ, kí n tó yà sí ọ̀nà Erìjìyàn, kí n sì wọ àwọn ọ̀nà oko tó kún fún ilẹ̀ pupa àti òkúta. Àwọn ìyá àgbà wà ní àwọn abúlé oko wọ̀nyí tí wọ́n mọ àlọ́ tí n kò rí nínú ìwé kankan. Mò ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ràn ọ̀nà náà fúnra rẹ̀: bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń jó lórí yanrìn, bí èèyàn ṣe ń dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ nígbà tí kòtò bá dé. Àwọn ọkùnrin máa ń dúró wò mí. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Oṣù Karùn-ún èṣí ni mo ṣubú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ tó ń kó gẹdú sì ti fi táyà gbẹ́ ojú ọ̀nà bí ẹni gbẹ́ ebè. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí ẹ̀yìn alùpùpù yọ̀. Mo na ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ láti fi gbé ara ró. Ẹsẹ̀ dúró sínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi àti ẹrù irin tó wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ yí po. Mo gbọ́ "pọ̀" nínú orúnkún, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kó tó di wákàtí méjì, orúnkún náà ti wú bí orí ọmọ tuntun. Àwọn àgbẹ̀ méjì tó ń ti oko iṣu bọ̀ ló gbé mi dé títì.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò eegun. Wọ́n ní kò sí eegun tó ṣẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa eegun. Ohun tí wọn kò sọ ni pé fọ́tò eegun kì í fi iṣan hàn, bẹ́ẹ̀ iṣan ló so orúnkún ró. Eegun itan jókòó lórí eegun ojúgun, ọmọrí orúnkún wà níwájú, tìmùtìmù méjì sì wà láàrín eegun méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí kò bá sí okùn tó dì wọ́n mú, wọn ì bá yọ́ kúrò lórí ara wọn bí àwo lórí tábìlì. Okùn náà jẹ́ iṣan mẹ́rin: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, méjì sì gba inú kọjá tí wọ́n kọ́ ara wọn bí apá ẹni tó káwọ́ mọ́ àyà. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn méjì tó kọ́ra yìí ni kì í jẹ́ kí ojúgun sá síwájú, òun ló sì máa ń já bí ẹsẹ̀ bá dúró tí ara bá yí. Èyí tó wà lẹ́yìn, àwọn ọlọ́kadà tó forí sọ ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń pa á lára, nítorí pé orúnkún wọn wà ní kíká nígbà tí nǹkan gbá a láti iwájú.

Àbúrò bàbá mi mú teguntegun wá sílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń bojú jẹ́. Ẹ fara balẹ̀. Bàbá náà fi òrí pa ọwọ́, wọ́n fọwọ́ tẹ ibi gbogbo, wọ́n di ojúgun mi mú, wọ́n fà á síwájú díẹ̀, wọ́n sì mi orí. "Eegun ò ṣẹ́," ni wọ́n wí. "Iṣan ló já nínú lọ́hùn-ún, n kò sì lè dì í látòde." Wọn kò gba kọ́bọ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn mìíràn tí wọ́n fi ọparun di ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè ṣàn mọ́, tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tèmi, ọwọ́ bàbá yìí rí ohun tí fọ́tò kò rí, ìmọ̀ràn wọn ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eegun àti ẹ̀rọ MRI. Iṣan iwájú náà ti já tán.

Oníṣègùn náà kò kánjú mú ọ̀bẹ. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tí wọ́n gbé jáde ní 2010, lórí àwọn ọ̀dọ́ 121 tí iṣan yìí já lára wọn. Wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan; wọ́n ní kí apá kejì kọ́kọ́ fi eré ìdárayá tọ́jú ara, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́yìn náà bó bá di dandan. Lẹ́yìn ọdún méjì, apá méjèèjì jọ wà ní ìpele kan náà, ó sì ju ìdajì àwọn apá kejì lọ tí kò dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ rárá. Mo wo owó tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo ìwádìí náà, mo sì yan eré ìdárayá. Orúnkún tèmi ni mò ń sọ o. Bóyá ti ẹlòmíràn kò ní gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá bí tìmùtìmù inú rẹ̀ bá ya.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbà mí ní ẹ̀ka físíò kò jù mí lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ti olùkọ́ ìṣirò. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní kí n na ẹsẹ̀, kí n ká aṣọ ìnura sábẹ́ orúnkún, kí n fi orúnkún tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀, kí n ka ení dé àrún, kí n sì tú u sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ tí iṣan itan mi kò mira rárá. Ó ṣàlàyé pé bí orúnkún bá wú, ara a máa pa iṣan iwájú itan bí ẹni pa iná, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ ṣe iṣan náà. Ó fi téèpù wọn itan mi méjèèjì: ti òsì ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta joro. Mo lérò pé orúnkún ni àìsàn mi. Láti ọjọ́ náà, itan ló di iṣẹ́ mi.

Ó béèrè ohun tí mò ń ṣe nílé. Mo ní mo máa ń gún iyán. Èkìtì ni wá, kí ni ǹ bá tún sọ? Ó ní kí n máa gún un lọ, ṣùgbọ́n kí n pín ìwọ̀n ara mi sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ẹni tí orúnkún ń dùn kì í mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òun fi ń dúró. Nígbà tí mo ṣọ́ ara mi nídìí odó, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Àwọn ẹbí ní kí n lọ sí Ìkógòsì, kí n fi omi gbígbóná wẹ orúnkún. Mo lọ, lẹ́yìn tí wíwú náà ti lọ sílẹ̀, nítorí pé ooru ní ọjọ́ àkọ́kọ́ a máa dá kún un. Omi náà dùn. Orúnkún tó gan rọ̀ díẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí omi tó so iṣan tó já.

Lórí bẹ́ńṣì físíò ni mo ti pàdé ọlọ́kadà kan tí orúnkún rẹ̀ rí bíi tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i ní Fájuyì, ó fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀, ó gbé èrò méjì sẹ́yìn. Ó juwọ́ sí mi. Èmi lè kọ̀wé lórí ibùsùn kí owó sì wọlé. Òun gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ọ̀kadà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àwọn ọlọ́kadà kì í tọ́jú ara wọn, inú máa ń bí mi.

Ní oṣù kẹrin, mo ṣe ohun tí n kò yẹ kí n ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi ìtàn Ricky Carmichael ránṣẹ́ sí mi, ará Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù sáré lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ba orúnkún jẹ́ ní ìparí 2003, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, gbogbo ìdíje inú pápá ìṣeré ti 2004 sì kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tó padà sí ti ìta gbangba lọ́dún náà, eré 24 ni wọ́n sá, òun ló gba gbogbo rẹ̀. Orí mi gbóná. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta alùpùpù kí iná mú. Ẹsẹ̀ òsì tó gbé mi ró yẹ̀, mo sì bá ara mi nílẹ̀ láàrín àwọn adìyẹ. Orúnkún tún wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Físíò mọ̀ kí n tó jókòó.

Ó sọ fún mi nígbà náà pé kódà àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó bá tètè padà sí eré kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án ni orúnkún rẹ̀ tún máa ń bàjẹ́ jù. Ó ní oṣù nìkan kọ́ ni òun ń kà: àfi kí ẹsẹ̀ òsì fò dé ó kéré tán 90 nínú 100 ibi tí ọ̀tún bá fò dé, lórí ẹsẹ̀ kan, kó sì balẹ̀ láìyẹ̀. Mo ní, "Súwè nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ni mo bá ń bá àwọn ọmọ àdúgbò Básírì ta súwè ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yàn mí jẹ nígbà tí mo bá tẹ ìlà. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, ẹsẹ̀ òsì yege.

Màmá mi kò fẹ́ kí n tún gun nǹkan náà láéláé, a kò sì tíì parí ìjà yẹn. Wọ́n ní kí n máa wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Mo ní Màrúwà kì í dé oko Erìjìyàn. Wọ́n ní kí àwọn tó wà ní oko máa bọ̀ wá sí Adó. Mo ra ìbò orúnkún, mo tún wá akoto mi jáde. Ẹ rántí pé nígbà tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú ọlọ́kadà dé akoto ní oṣù Kìíní 2009, igbá ni àwọn kan gbé dérí. Fún orúnkún, kò sí òfin, kò tilẹ̀ sí igbá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, mo lọ. Ọ̀nà gbẹ, eruku pọ̀. Jíà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, mo sì ń gbọ́ gbogbo ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn lóru. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo sọ̀ kalẹ̀, mo pa á, mo sì tì í dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọjá béèrè bóyá epo ló tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá àgbà wà níwájú ilé wọn. Mo kúnlẹ̀: ti ọ̀tún kọ́kọ́ balẹ̀, ti òsì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde, dìde, tèmi náà ò gbà á mọ́." Wọ́n gbé ìró sókè, wọ́n fi orúnkún tiwọn hàn mí, ó rí kókó bí igi ìrókò. A fi ojú wọn ara wa, a rẹ́rìn-ín. Mo tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo rán wọn létí àlọ́ tí a kò parí ní oṣù Karùn-ún èṣí, ti ọmọbìnrin tó bọ́ sílé àwọn ẹja. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá orin, wọ́n dé etí odò, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ibi odò náà ni wọ́n tún dákẹ́ sí. Wọ́n ní ó wà lórí ahọ́n àwọn lóṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Mo sọ fún wọn pé màá padà wá ní Ọjọ́rú, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.