Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Dá Sẹ́ńsọ̀ Lẹ́bi

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn mẹkáníìkì, àwọn rẹ́wáyà àti ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí.

Bàbá mi fi Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, wọ́n bá mi gbé ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ sí i, èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Ọkọ̀ ń lọ, inú mi ń dùn. Àfi bí kò ṣe pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Èéfín dúdú ń tú jáde, iná kékeré tí wọ́n so mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò kú mọ́. Ẹ sì mọ ohun tí ojú wa ń rí nídìí epo láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023.

Wọ́n ki ẹ̀rọ scan bọ̀ ọ́, ó kọ P0135. Wọ́n ní oxygen sensor ló kú. Mo ra òmíràn, iná kò kú. Wọ́n ní ayédèrú ni. Mo ra ìkejì, mo ra ìkẹta. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ọmọṣẹ́ kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ló wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti wo wáyà ẹ̀?" Ó yọ plọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, ó fi mítà kàn án. Fóltì 12 tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí rárá. Wáyà tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ rílè wá, wọ́n gé e, wọ́n fi téèpù dì í lẹ́nu! Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, kódù yẹn kò tilẹ̀ sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà iná tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná ní àléébù. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń tọ́ èéfín wò, tó ń sọ fún brain box bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Bí kò bá gbóná tó nǹkan bíi 300°C, kò lè ríran. Kábúrétọ̀ sì ni 504 tèmi ń lò látilẹ̀, kò ní sẹ́ńsọ̀ yìí rí. Gbogbo wáyà rẹ̀ pátá, ọwọ́ ènìyàn ló fi wọ́n kún un. Ibẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń ní: méjì fún ìgbóná, ọ̀kan fún ìròyìn, ọ̀kan fún earth. Lára ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ Toyota, dúdú méjì ni ti ìgbóná, búlúù ń gbé ìròyìn, funfun ni earth. Lára ti Bosch, funfun méjì ni ti ìgbóná, dúdú ló ń gbé ìròyìn, aláwọ̀ eérú ni earth. Ẹni tó bá so dúdú mọ́ dúdú láì bèèrè ti gbé iná sí ibi tí kò yẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kí ẹ tó ní ká lọ ra ọjà, ẹ wo fóltì 12 yẹn. Ẹ wọn ibi ìgbóná sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Bí mítà kò bá sọ nǹkan kan, ìgbà yẹn ni sẹ́ńsọ̀ kú lóòótọ́. Ẹ wo earth, nítorí ara ọkọ̀ àtijọ́ kún fún ìpẹtà àti ọ̀dà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ ti àtijọ́ yẹ kó máa lọ sókè sódò láàárín fóltì 0.1 sí 0.9. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹnu plọ́ọ̀gì, tí kò dé ọ̀dọ̀ brain box, wáyà ti já lójú ọ̀nà, tàbí kẹ̀, páìpù èéfín ti jó o.

Àwọn mẹkáníìkì á ní àwa ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò, pé ọjà tí a fojú rí nìkan là ń sanwó fún. Òótọ́ ni, ẹ̀bi tiwa nìyẹn. Owó àyẹ̀wò kan ṣoṣo ì bá ti gba sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká máa san án. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì fún wa, kó kọ sí ìwé fún wa wáyà tó so mọ́ ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ní ìwé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ọkọ̀ bàbá mi kò rú èéfín dúdú mọ́. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta yẹn, méjì ṣì wà nínú páálí wọn ní yàrá mi.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.