Ìmúra Ilẹ̀ fún Oko Ìrẹsì
Ìmúra ilẹ̀ fún oko ìrẹsì, ìyẹn ṣíṣán, ríro àti títẹ́ ilẹ̀ dọ́gba ṣáájú gbíngbìn, kan ìkòkò gbogbo ilé. Ní agbègbè Ọ̀fàdà, níbi tí omi òjò ti ń bọ́ ìrẹsì, inú erùpẹ̀ dúdú tí ó wà lókè pátápátá ni ọ̀rá ilẹ̀ wà, bí katapílà bá sì ti ha á lọ sí etí oko, ajílẹ̀ olówó gọbọi kì í tètè dá a padà. Àdá àti ọkọ́ lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jí ilẹ̀ kó. Ní àkùrọ̀, àgbẹ̀ tí ó po ẹrẹ̀ kúnná, tí ó tẹ́ ẹ dọ́gba, tí ó sì mọ erùpẹ̀ yí i ká kí omi má baà ṣàn lọ, ti dín koríko tí yóò bá ìrẹsì du oúnjẹ kù. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí ń yá àgbẹ̀ lówó irúgbìn kọ́kọ́ ro ti owó iṣẹ́ ilẹ̀.