Ohùn Ìjọba Lẹ́nu Ibodè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bá délẹ̀ ní Alajue níbí, àwọn kan a máa ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn ará Abuja. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lè ti ibodè mọ́ oníṣòwò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan.

Èjìgbò kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò pọ̀ ní Abidjan, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, Ààrẹ Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire kéde pé òun gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ó ní àánú àwọn tí ń kú ń ṣe òun. Ẹ̀rù Kọ́múníísì sì ń bà á, nítorí Rọ́ṣíà ń ta ohun ìjà fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n De Gaulle ti ilẹ̀ Faransé wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kí Nàìjíríà tóbi ju àwọn tí ń sọ èdè Faransé lọ. Àánú wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìfẹ́ ipò náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, Gowon kò gbẹ̀san. Òun àti Eyadéma ti Togo ni wọ́n léwájú, títí orílẹ̀-èdè 15 fi tọwọ́ bọ ìwé ECOWAS ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Côte d'Ivoire wà lára wọn. Ẹ má rò pé ìfẹ́ lásán ni o! Owó epo ti dé, Nàìjíríà fẹ́ ṣe olórí, ó sì fẹ́ kí àwọn aládùúgbò dín ojú tí wọ́n ń wo Paris kù. Ṣùgbọ́n oníṣòwò jèrè níbẹ̀: nípa àdéhùn ọdún 1979, ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Ti ọdún 2023 kò rí bẹ́ẹ̀. Ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje, Ààrẹ Tinubu sì ni alága ECOWAS. Mo mọ ohun tí ó bà wọ́n lẹ́rù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ibodè, Nàìjíríà gé iná mànàmáná, wọ́n sì fi ogun halẹ̀. Niger, Mali àti Burkina Faso ní àwọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ibodè tí a tì kò dá Bazoum padà sípò. Ọkọ̀ ẹrù ló há sójú ọ̀nà, títí Nàìjíríà fi ṣí ibodè ní oṣù kẹta ọdún 2024.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ọjọ́ àti orúkọ nìkan kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè ohun tí ìjọba kọ̀ọ̀kan ń wá. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí wọ́n bá pariwo ìjọba alágbádá tàbí òmìnira, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Gbogbo ìjọba ló ń wá ipò. Èyí tí ó ṣí ọ̀nà ọjà fún wa bí ó ti ń wá a ni kí a gbè lẹ́yìn.