Ṣé omi ń jò ni, àbí ó ń sun?

Lásìkò òjò, ẹni tó bá ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní Ìbà tàbí Okokomaiko mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹ ó jí, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín á bọ́ sínú omi. Ìbéèrè tí ìyá àgbà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ó ń jò ni, àbí ó ń sun?" Tó bá ń jò, òrùlé ni, ẹ pe káfíńtà. Tó bá ti ojú títì ṣàn wọlé, ẹ dí ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ tó bá ń sun, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń mú un jáde. Bí ẹ gbọ́n ọn tán, kò ní pẹ́ tí á tún dé.

Ọ̀kan nínú wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onílé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé omi ń "emanate" nínú yàrá òun. Onílé rán púlọ́ńbà wá. Púlọ́ńbà yẹ gbogbo páìpù wò, kò rí nǹkan kan, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ wa pè wọ́n lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀ ló ń sun omi," ni bàbá tó wá fúnra wọn.

A fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wá, àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ wa, emanate, originate, derive, issue, gbogbo wọn la máa ń sọ di "wá láti" tàbí "jáde láti". Bẹ́ẹ̀, omi wà nínú àwọn kan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Èdè Látìn ni emanate ti wá, "ṣàn jáde" ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Rivus, ìyẹn odò kékeré, ló wà nínú derive. Ti originate jẹ mọ́ yíyọ, bí oòrùn ṣe ń yọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lónìí kò rí omi náà mọ́. Tiwa ṣì hàn kedere: orísun, ibi tí omi ti ń sun.

Ẹ wo ìtàn àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́fin Ògúnfúnmínire gbé àwo lé ojú omi, àwo ń bá odò Ògùn lọ, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, títí àwo fi rì ní Ìṣẹrì. Àwo rì: ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti yọ. Odò Ògùn fúnra rẹ̀, agbègbè Ṣakí ló ti sun, ó sì ṣàn dé ọ̀sà Èkó. Èèyàn ṣẹ̀, orúkọ yọ, omi sun, odò ṣàn. Tí a bá fi "wá láti" rọ́pò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìtàn náà kò di irọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò ní rí omi níbẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á ní èdè ń yí padà, pé "láti" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Òótọ́ ni. A ò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ohun tí à ń sọ ni pé ká tó kọ ọ́, ká bi ara wa pé kí ni nǹkan náà ṣe gan-an. Èéfín ń rú, eyín ń hù, ìjà ń bẹ́ sílẹ̀, àṣírí ń tú. Àwa la máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá lọ́la, àwa náà la máa túmọ̀ ìròyìn lórí rédíò. Bí àwa bá sọ gbogbo rẹ̀ di "jáde láti", ta ni àwọn ọmọ náà máa gbọ́ "sun" lẹ́nu rẹ̀?

Oríṣiríṣi ìlú la ti wá sí Ọ̀jọ́. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín: kí ni wọ́n ń sọ tí omi bá ń ti inú ilẹ̀ yọ? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.