Lọ́rí Ń Dán Lóde, Inú Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa gbogbo, láti Ìjerò títí dé Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ọ̀rọ̀ lọ́rí tó ń kó ẹrù wa ni.

Gbogbo wa la mọ bí àwọn awakọ̀ ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ wọn. Láti ayé Bedford àti bọ́lẹ̀kájà, títí dé orí Mercedes 911 tó ṣì ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n dòní, bí ìyàwó tuntun ni wọ́n ń ṣe lọ́rí lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà pupa àti ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n á kọ "Ìyá ni Wúrà" sí iwájú, wọ́n á kọ "Sùúrù Lérè" sí ẹ̀yìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà tó mọ́, ọmọ ọkọ̀ á ti fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ ojú rẹ̀, á fi pọ́líìṣì nù ún, á kun táyà ní dúdú, gbogbo ara ọkọ̀ á máa kọ mànà. Ó wuni. A ò bú wọn fún un. Ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́ rẹ̀ ló mọ iyì iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ìgbà wo la gun ẹ̀yìn lọ́rí náà wò kẹ́yìn, níbi tí gàrí àti èlùbọ́ wa ń jókòó sí? Lọ́rí ṣe afínjú lóde, ó ṣe ọ̀bùn nínú, inú ọ̀bùn yẹn gan-an la sì ń kó oúnjẹ sí.

Lọ́rí tó kó iṣu lọ sí Ìbàdàn lónìí kì í fẹ́ padà wálé lófìfo. Á kó símẹ́ńtì bọ̀, tàbí ajílẹ̀, tàbí kẹrosíìnì inú kẹ́ẹ̀gì, tàbí oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó àti èyí tí wọ́n fi ń pa koríko. Nílẹ̀ Ìjerò wa níbí, wọ́n ń wa òkúta nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ tó kó o lónìí lè wá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́la. Pákó ni wọ́n sì fi ṣe ilẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ lọ́rí wa. Pákó a máa mu omi. Bí epo tàbí oògùn bá dà sí i, á fà á mu, òkè rẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n ti inú ṣì wà níbẹ̀. Bí òjò bá rin ín tàbí ooru bá mú, á tún jáde wọnú àpò. Gàrí àti èlùbọ́ ní tiwọn, kò sí òórùn tí wọn kì í fà mọ́ra.

Ọ̀kan nínú wa kó àpò gàrí 10 sínú lọ́rí kan tó ń dán gbinrin. Wọ́n gba Aràmọkọ, wọ́n gba Ìtawúrẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Iléṣà, wọ́n dé Ìbàdàn láìsí wàhálà. Oníbàárà tú àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbé e sí imú, ó ní, "Ìyá, ẹ máa gbé kẹrosíìnì yín lọ o." Àpò 6 ló bàjẹ́. Ta ló jẹ gbèsè? Kì í ṣe awakọ̀ o. Síbẹ̀, ká dúpẹ́ pé òórùn tú àṣírí. Oògùn mìíràn wà tí imú ò ní gbọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 1967, ní ìlú Chiquinquirá ní orílẹ̀-èdè Colombia, wọ́n kó ìyẹ̀fun àti oògùn apakòkòrò pọ̀ sínú ọkọ̀ kan. Oògùn dà sí ìyẹ̀fun. Wọ́n fi ìyẹ̀fun náà ṣe búrẹ́dì, aráàlú rà á jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní 1990 nítorí àwọn tírélà tó ń kó pàǹtí lọ, tí wọ́n tún ń kó oúnjẹ bọ̀. Síbẹ̀ náà, ní 1994, ọkọ̀ táńkà tó kó ẹyin tútù tún lọ kó èròjà áísì-kirímù láìjẹ́ pé wọ́n fọ inú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n fojú bù ú pé bí ènìyàn 224,000 ni inú run. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kì í gun ẹ̀yìn ọkọ̀ wò. Àwa náà ní NAFDAC láti 1993, àmọ́ NAFDAC ò lè jókòó tì wá ní gáréèjì ní aago 5 ìdájí. Àwa la wà níbẹ̀.

Àwọn awakọ̀ á ní, "Ìyá, àyè ò sí, ta ló máa san owó fífọ̀?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwa náà sì lẹ́bi. Àwa la ń sáré tọ ọkọ̀ tó bá dín owó kù, àwọn kan nínú wa ló sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì lé orí àpò gàrí ara wọn.

Ohun tí a dá lábàá nìyí, ká jọ jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé. Kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, ká béèrè ohun tó kó kẹ́yìn. Kí ẹnì kan nínú wa gùn ún, kó wò ó, kó gbóòórùn rẹ̀. Kí wọ́n gbá a, kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì lọ fọ̀ ọ́ nínú odò tí a ń pọn mu. Kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn pa á gbẹ, torí ilẹ̀ tútù ń mú kí èlùbọ́ hu. Pákó tó bá ti mu oògùn, fífọ̀ ò ràn án, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí tapólì tó mọ́ wà lábẹ́ àpò. Oògùn àti oúnjẹ ò gbọdọ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan náà láéláé. Ní ti owó, kí kálukú wa tó ń kẹ́rù fi díẹ̀ kún owó ọkọ̀ fún fífọ̀, kí awakọ̀ tí inú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ sì máa kọ́kọ́ gba ẹrù wa. Bí ó bá di pé inú tó mọ́ ló ń mówó wá, àwọn fúnra wọn á máa fi pọ́líìṣì sílẹ̀ wá ìgbálẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tó máa jẹ ẹ̀bà gàrí yẹn ní Ìbàdàn, a ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni oúnjẹ rẹ̀ ti kúrò.

Ọkọ̀ wa á lọ ire, á bọ̀ ire. Ọjà á tà o.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.