Àyà tó ń já lójijì: Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, kì í ṣe àsàsí ọ̀tá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ẹni tí ó bá mú máa ń rò pé ikú gan-an ló dé. Ènìyàn lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọjà tàbí nínú ọkọ̀, kí àyà rẹ̀ ṣàdédé máa lù kì-kì-kì. Èémí kò ní í délẹ̀, òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, òòyì yóò sì máa kọ́ ọ. Láàárín bí ìṣẹ́jú 10, ìpayà náà yóò ti dójú ẹ̀; kó tó pé ìṣẹ́jú 30, ó sábà máa ń rọlẹ̀.

Bí ó bá di lemọ́lemọ́, onítọ̀hún kò ní í fẹ́ ná ọjà mọ́, kò ní í fẹ́ wọ ọkọ̀. Àwọn ẹbí yóò máa gbé e láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ ààfáà, láti ibẹ̀ dé ilé babaláwo. Owó yóò máa lọ, wọn yóò sì máa fura sí ìyá àgbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àlàyé àwọn oníṣègùn yàtọ̀ sí èyí. Bí ènìyàn bá rí ejò, àyà rẹ̀ yóò lù kíkankíkan kí ó lè rí agbára sá. Nínú àìsàn ìpayà, ara ń múra àtisá nígbà tí kò sí ejò, bí ajá tó ń gbó nígbà tí olè kò wá. Lọ́dún 1986, David Clark, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé bí aláìsàn bá ti ka lílù àyà sí ikú, ẹ̀rù yóò bà á sí i, àyà yóò sì túbọ̀ máa lù.

Ilé ìwòsàn ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ, pàápàá àgbàlagbà tí àyà ń dùn, nítorí àìsàn ọkàn, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti irú gẹ̀gẹ̀ kan lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìpayà ni, ìtọ́jú wà. Onímọ̀ yóò máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, yóò kọ́ ọ láti bi ara rẹ̀ pé: ìgbà mélòó ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ǹjẹ́ ó pa mí? Lẹ́yìn náà, yóò padà sí ibi tí ó ń sá fún díẹ̀díẹ̀: lónìí dé ẹnu ọjà pẹ̀lú ẹnìkan, lọ́jọ́ mìíràn dé àárín ọjà, títí yóò fi lè dá lọ.

Oògùn bíi sertraline àti fluoxetine náà wà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, a kì í sì í já wọn lójijì láìbi dókítà. Valium tètè ń mú ara balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ lè di ẹrú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ dá a rà ní kẹ́míìsì.

Ìṣòro tó kù ni pé ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìjọba òyìnbó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin nìkan kò lè tọ́jú aláìsàn tó wà lábúlé.

Ọ̀nà sì ti là tipẹ́. Ní Aró, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn, bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ bá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé láti dá ìpayà mọ̀, ọ̀pọ̀ kò ní í rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ìrànlọ́wọ́.

Ìyókù dọwọ́ àwọn ẹbí: kí wọ́n yé fi aláìsàn ṣe ẹlẹ́yà, kí wọ́n yé wá àjẹ́ kiri. Kí aláìsàn náà sì sọ ohun tó ń ṣe é, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.